Ìyá Kàdí, Ará Àpáta

Kí Ìyá Kàdí tó la ẹnu, Rẹ̀mílẹ́kún ti ju asẹ́ ògì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ti ká ọwọ́ méjèèjì lérí.

"Mo gbé," ó wí. "Ó ti ṣẹlẹ̀. Ṣùkúrù ti lọ."

"Kò sẹ́ni tó lọ, Rẹ̀mí. Dìde nílẹ̀."

"Má tàn mí, Ìyá Kàdí. Ìdájí báyìí, ìwọ, lẹ́nu ọ̀nà mi? Àbúrò mi ti kú. Sọ ọ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan."

Omi ògì ti ń ṣàn lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Rẹ̀mílẹ́kún jókòó sínú omi náà, ó na ẹsẹ̀, ó fi igbe ta. Ní gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ayálégbé náà, ní Kétu, ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan. Clara, ìyàwó ọ̀ṣìngín tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ wọn, sáré jáde pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Bó ṣe rí Ìyá Kàdí tó dúró gbagidi pẹ̀lú ìborùn tó fi kírun, ó yọ búrọ́ọ̀ṣì náà, ó gbé ọwọ́ láyà.

"Mama Kàdí, ta ni? Ṣé Bọ̀dá Ṣùkúrù ni?"

"Kì í ṣe ẹnì kankan. Kàdí bímọ ni."

Kò sẹ́ni tó gbọ́. Igbe Rẹ̀mílẹ́kún ti bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ìyá Kàdí ní láti gbé ohùn sókè, bí ẹni tó ń bá wọn jà.

"Mo ní Kàdíjátù ọmọ mi bímọ. Obìnrin ni. Ọkọ rẹ̀ ló pè mí láti Ìlọrin nísinsìnyí. Ayọ̀ ni mo gbé wá."

Rẹ̀mílẹ́kún pa igbe náà mọ́ ẹnu. Ẹnì kan pòṣé. Ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí èèyàn ń rín nígbà tí ajá bá lé e dé ẹnu géètì tí kò wá bù ú jẹ. Rẹ̀mílẹ́kún fi etí ìró nu ojú, ó wo asẹ́, ó wo ilẹ̀, ó wá wo ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Kí ló dé tó o fi wá dúró síbẹ̀ yẹn báyẹn? O ò mọ irú èèyàn tó o jẹ́ ni? O mọ̀ pé àbúrò mi wà ní ọsibítù. O ò lè dúró ní ẹ̀yìnkùlé kó o ké sí mi?"

"Inú mi ló dùn. Mo gbàgbé."

"Ọlọ́run á wò ó." Ẹnu lásán ló fi wí i. "Ògì Ṣùkúrù mà lo dà nù yìí."

"Congratulations, Mama Kàdí," ni Clara wí, bó ṣe ń padà sínú yàrá rẹ̀. "Ẹ má bínú, ẹ̀rù yín ló bà wá."

Ilẹ̀kùn tún ń pa dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí Ìyá Kàdí rò lọ́kàn bó ṣe ń bọ̀ kò ju èyí lọ: òun á ní Kàdí ti bí, Rẹ̀mílẹ́kún á hó yèè, á gbé orin, òun á gbè é, àwọn méjèèjì á sì jó díẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí àwọn àgbàlagbà tí kò lójútì. Orin náà ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tó ti gbé fóònù sílẹ̀. Ó gbé e padà sí yàrá rẹ̀, ó fi omi tútù gbé e mì.

*

Rédíò ló sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń sá fún.

Eré kan ni, tí wọ́n ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. *Àdúgbò Mẹ́rin* ni wọ́n ń pè é. Ìlú kan wà nínú eré náà tó pín sí ọ̀nà mẹ́rin, olúkúlùkù àdúgbò sì ní ìwà tirẹ̀ tí a fi ń dá a mọ̀. Bí eré bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, orin ni wọ́n á kọ́kọ́ kọ, kò sì sí ọmọ kékeré kan ní Kétu tí kò mọ̀ ọ́n:

*Ará Àpáta, atẹ́gùn ò mì wọ́n,*
*Ará Odò, ẹkún ò jìnnà sí wọn,*
*Ará Iná, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n,*
*Ará Ìbòji, ẹ wá bá wa gbèrò.*
*Ìwọ ńkọ́ o? Níbo nilé rẹ?*

Bí eré bá parí, olóòtú á bi àwọn olùgbọ́ ní ìbéèrè kan. Ìdáhùn tí kálukú bá fún un ló máa fi mọ àdúgbò tí òun ti wá. Àwọn tó ní owó ìpè á pe rédíò. Àwọn tí kò ní, bí àwọn obìnrin tó ń ta àlùbọ́sà ní Mile 12, á gbé ìbéèrè náà dé ọjà ní ọjọ́ kejì.

Ìsọ̀ Àlàájà Modinat ni gbogbo wọn ti ń ṣa àlùbọ́sà. Àlàájà ni olórí láìnì náà. Bí ọkọ̀ òkè Ọya bá ti já ẹrù, wọ́n á tú àpò dà sórí ẹní, wọ́n á jókòó yí i ká. Ojú kọ́ ni wọ́n fi ń ṣa àlùbọ́sà, nítorí gbogbo wọn ló ń dán. Ọrùn rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀. Èyí tó bá le lọ́rùn, ó lè pẹ́ nílẹ̀. Èyí tó bá rọ̀, kó bá àwọn olóńjẹ lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bí ọwọ́ bá ń ṣa àlùbọ́sà, ẹnu a sì máa ṣa èèyàn.

Ìbéèrè ọjọ́ tí à ń wí yìí ni pé, bí iná bá sọ nílé rẹ, kí ni wàá kọ́kọ́ gbé?

"Àwòrán ìyá mi," ni Rẹ̀mílẹ́kún dáhùn. "Màá gbé e síta, màá jókòó tì í, màá máa sunkún."

"Ará Odò," ni wọ́n dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

"Èmi ò ní gbé nǹkan kan," ni Clara wí. "Màá kọ́kọ́ wá ẹni tó tan iná yẹn lọ, kí n gbá a létí ná."

"Ará Iná. A ti mọ̀ tẹ́lẹ̀."

Àlàájà ní òun á pe gbogbo wọn jọ kí àwọn gbèrò. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní kí ilé tó jóná tán ni Àlàájà á ti yan akọ̀wé ìpàdé. Ará Ìbòji nìyẹn.

"Ìyá Kàdí ńkọ́?"

Bàbá Kàdí kò tíì pẹ́ lókùú nígbà náà. Bí wọ́n ṣe bi í léèrè, fìlà ló rí. Fìlà àlàárì kan báyìí, tí epo ta sí etí rẹ̀, tó ń kọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn láti ìgbà tí ẹni tó ni ín ti kọ́ ọ síbẹ̀. Fìlà yẹn ni yóò gbé. Ó mọ̀ bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú ló wà lára rẹ̀. Àwọn ojú kan náà tó ti ń ṣọ́ ọ láti ọjọ́ ìsìnkú, tí wọ́n ń wò ó pé ìgbà wo ni yóò tó sunkún.

"N ò ní gbé nǹkan kan," ó wí. "Màá ti ilẹ̀kùn, màá máa lọ."

Ìsọ̀ náà hó gèè. "Ará Àpáta! Ògidì ará Àpáta!" Ẹnì kan ń lu àpò òfìfo bí ìlù. Clara ní òun ti fura tipẹ́, pé ṣé ẹnikẹ́ni ti rí i kí àlùbọ́sà pa Mama Kàdí lẹ́kún rí?

Ká má purọ́, ó dùn mọ́ ọn. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, opó ni gbogbo ayé ń pè é, pẹ̀lú ohùn àánú yẹn. Ará Àpáta dà bí ìró tuntun tí èèyàn lè ró lé aṣọ ọ̀fọ̀ lórí. Ó ró o, ó rìn nínú rẹ̀, ó sì bá a mu. Ìbéèrè rédíò kò kúkú bi èèyàn léèrè ẹni tó jẹ́. Ẹni tó wù ú kí àwọn ará yòókù rí ló ń bi í.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yíwọ́ ni ti ọ̀fọ̀ títú.

Láàárín àwọn obìnrin láìnì yìí, ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ ikú èèyàn rẹ̀ lójú títì tàbí lórí fóònù. Èèyàn ni wọ́n ń rán. Ẹni tí wọ́n rán á wọlé, á kí, á tọrọ omi, kò ní mu ún, á máa fi ọ̀rọ̀ yí ọ̀rọ̀ ká títí ẹni tó ni òkú á fi fúnra rẹ̀ débẹ̀. Èèwọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó wá túfọ̀ kò gbọdọ̀ ṣáájú ẹni tó ni òkú sunkún. Tẹ́lẹ̀, àgbàlagbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ ló ń lọ, ó sì máa ń mú ẹnì kejì dání. Àmọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n ẹnì kan nínú wọn kú lójijì, Àlàájà wo yíká ìsọ̀, ojú rẹ̀ bà lé ibì kan.

"Kí la tún ń wá kiri? Ará Àpáta wà láàárín wa."

Ìyá Kàdí lọ. Ó ṣe é dáadáa. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n, omi ọwọ́ rẹ̀ kò dà. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n rán ẹlòmíràn mọ́. Òun nìkan ló ń lọ, wọn kì í sì fi ẹnì kejì tì í, nítorí kí ni àpáta fẹ́ fi alábàárìn ṣe?

Kò pẹ́, àwọn èèyàn mọ ìró bàtà rẹ̀. Bó bá yà sí ìsọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, ọwọ́ á dúró lórí ọjà, kálukú á máa fi ọkàn ka àwọn ará ilé rẹ̀. Bí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ, wọ́n á ní kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, àwọn á gbé tirẹ̀ wá fún un. Ó fi ara rẹ̀ sípò: kò kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni nínú ilé mọ́. Rẹ̀mílẹ́kún nìkan ló kù tí wọ́n jọ ń jẹun, ní ẹ̀yìnkùlé, lórí bẹ́ǹṣì ìdáná, níbi tí kò sí ilẹ̀kùn.

Bẹ́ẹ̀ òun ló ń dá orin fún gbogbo wọn rí. Ọwọ́ kì í yá nídìí àlùbọ́sà àfi bó bá gbé e:

*Ẹkún àlùbọ́sà kì í ṣẹkún òfò,*
*Ẹkún àlùbọ́sà, ẹkún èrè ni,*
*Mo sunkún lọ́jà, mo rẹ́rìn-ín délé,*
*Ẹkún àlùbọ́sà, ẹkún èrè ni.*

Ó gbé e lọ́jọ́ kan lẹ́yìn tó ti di ará Àpáta, Clara sì fi àwàdà dá a lóhùn pé, "Mama Kàdí, àpáta kì í kọrin o. Ẹ jẹ́ kí àwọn ará Odò gbé e." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó pa ẹnu dé, kò sì sẹ́ni tó wá sọ fún un lọ́jọ́ kejì pé kó ṣí i.

Ní Ọjọ́bọ̀, á jókòó ti rédíò rẹ̀. Obìnrin kan wà nínú eré náà, ará Àpáta, tó máa ń dúró lójú fèrèsé rẹ̀, tó ń wo àwọn èèyàn tó ń kọjá. Ìyá Kàdí ń retí pé lọ́sẹ̀ kan, ẹnì kan á yà kí i. Bóyá kó tọrọ iyọ̀ lásán. Wọ́n ṣe eré náà títí, ẹnikẹ́ni kò yà.

*

Ó dé ọjà láàárọ̀ ọjọ́ tí Kàdí bímọ pẹ̀lú náílọ̀n súìtì kan. Àwọn tó wà ní ìsọ̀ gbé orí sókè, ọwọ́ wọn dúró díẹ̀, ó tún ń lọ. Clara ti ṣáájú rẹ̀ dé, ó ti ròyìn fún wọn.

"Ẹ kú oríire o, Ìyá Kàdí."

"Ẹ kú ewu ọmọ."

Wọ́n gba súìtì. Ẹnì kan ní kí orí ọmọ náà jọ ti bàbá rẹ̀, kó má le bíi ti ìyá àgbà, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ó ń retí pé ẹnì kan á gbé orin. Orin kan wà tí òun fúnra rẹ̀ dá, tí wọ́n ń kọ fún gbogbo abiyamọ láìnì náà. Kò sẹ́ni tó gbé e. Àlàájà Modinat ló na ọwọ́ sí i láti ẹ̀yìn àpò.

"Ìyá Kàdí, máa bọ̀. Ó dáa tó o tètè dé. Ọlọ́run á dá ọmọ sí, á wo ìyá rẹ̀. Jókòó."

Ó jókòó sórí àpò. Ó na súìtì sí i, Àlàájà kò gbà á.

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí láti Agboyi, ilé àwọn Rẹ̀mílẹ́kún, ni. Ṣùkúrù ti ṣaláìsí."

Ìyá Kàdí fa náílọ̀n súìtì náà padà sórí itan.

"Ìdájí yìí náà ni. Ẹ̀dọ̀ yẹn kò jẹ́ kó gbádùn látọjọ́ yìí. Wọ́n ti gbé e kúrò ní ọsibítù, wọ́n ń gbé e lọ sílé. Bí wọ́n bá ti kírun Àsárì tán, wọ́n á sin ín. Rẹ̀mílẹ́kún gbọ́dọ̀ ti wọ ọkọ̀ ojú omi kó tó dìgbà yẹn, kó lè rí ojú àbúrò rẹ̀. Lọ bá a. Mo ti ń wá ọkọ̀ tó máa gbé e."

"Mi ò lọ, Àlàájà."

Àlàájà yí orí padà bí ẹni tó gbọ́ ohùn láti ibòmíràn. "Kí lo wí?"

"Mo ní mi ò lọ. Láàárọ̀ yìí mo gbé ayọ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, òkú ló rí lójú mi. Bí mo bá tún padà lọ, á ní mo ti mọ̀ láàárọ̀, mo kàn fi ọ̀rọ̀ ọmọ bò ó ni. Kò ní fẹ́ rí mi mọ́ láyé. Ẹni kan ṣoṣo tó ń bá mi jẹun nìyẹn."

"Ta ni kí n wá rán? Clara? Láti ojú títì lá ti máa pariwo. Ìwọ ni Ọlọ́run fún ní ọkàn yẹn, Ìyá Kàdí. Ẹ̀bùn ni."

"Ọlọ́run kọ́. Rédíò ni."

Àlàájà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú rẹ̀, kò rín in mọ́.

"Irọ́ ni mo pa lọ́jọ́ yẹn," ni Ìyá Kàdí wí. "Bí iná bá sọ nílé mi, fìlà Bàbá Kàdí ni màá gbé."

"Fìlà wo?"

"Èyí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. N kò tíì fọ̀ ọ́."

Àlàájà mú àlùbọ́sà kan nílẹ̀, ó tẹ ọrùn rẹ̀, ó dá a padà. "Ṣùgbọ́n o ò sunkún. Gbogbo wa la wò ọ́."

"Ẹ wò mí lóòótọ́. Ká ní ẹ yéé wò mí ni, bóyá ǹ bá ti sunkún."

Ariwo àwọn alábàárù ń kọjá lẹ́yìn ìsọ̀, wọ́n ń ké kí ọ̀nà yà. Àlàájà mí kanlẹ̀.

"Ó dáa. N kò lè fi ipá rán ọ. Clara, wá."

Clara wá, ó ń nu ọwọ́. Àlàájà sọ fún un ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ojú ọmọbìnrin náà fẹ̀, ó bo ẹnu, omijé bọ́ lójú rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó wo Ìyá Kàdí, ó wo Àlàájà.

"Èmi kẹ̀? Màmá, n ò lè wo ojú wọn o. Ẹ jẹ́ kí n kúkú call wọn." Ó sì ti mú fóònù jáde látinú àyà, ó ti ń wá nọ́ńbà.

Ìyá Kàdí rí i bí ìgbà tó ń wo sinimá: Rẹ̀mílẹ́kún lójú títì pẹ̀lú oúnjẹ aláìsàn lọ́wọ́, fóònù á dún, á gbé e sétí. Ó dìde. Ó na ọwọ́, ó gba fóònù náà lọ́wọ́ Clara, ó sì fi náílọ̀n súìtì rọ́pò rẹ̀.

"Bá mi pín ìyókù," ó wí. Ó gbé fóònù náà fún Àlàájà, ó jáde.

*

Ọ̀nà kò jìn láti Mile 12 dé Kétu, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn ín. Ó ń ṣe àṣàrò ohun tó máa sọ, bó ṣe máa ń ṣe. Yóò kí i. Yóò tọrọ omi. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti já, nítorí Rẹ̀mílẹ́kún mọ omi yẹn. Bó bá ti lè bèèrè omi, ó ti sọ ọ́ nìyẹn, àpáta ló sì tún wá sọ ọ́.

Kò gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọlé. Ó yí gba ẹ̀yìnkùlé.

Rẹ̀mílẹ́kún wà nídìí sítóòfù. Ó ti po ògì mìíràn, ó ti fi aṣọ nu kúlà, ó ń rọ ẹ̀kọ mímu náà sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó má baà kán sí i lẹ́sẹ̀. Ó ti wọ bùbá àwọ̀ ewé tó máa ń wọ̀ bó bá ń lọ sí ọsibítù, nítorí Ṣùkúrù ní òun fẹ́ràn rẹ̀. Ó rí Ìyá Kàdí, kò fò sókè. Ẹ̀yìnkùlé ni.

"O ti tọjà dé? Jókòó, mo ti fẹ́ máa wá ọ." Ó dé kúlà, ó fún un le. "Má bínú sí mi nípa tàárọ̀ yìí. Mo ronú sí i bí mo ṣe ń fọ asẹ́. Ọ̀rẹ́ mi di ìyá àgbà, ó wá sọ fún mi, mo lé e bí ẹni lé adìẹ. Ìwà burúkú gbáà."

"Kò sí nǹkan kan."

"Nǹkan wà. Kí lẹ fẹ́ pe ọmọ náà?"

"Wọn ò tíì sọ fún mi."

"Kò burú. Orúkọ á bá a lọ́nà." Rẹ̀mílẹ́kún nu ọwọ́ méjèèjì sí ìró, ó dìde dúró níwájú rẹ̀ láàárín ìkòkò àti garawa, ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó mi èjìká. Ó ń gbé orin náà. Orin tí Ìyá Kàdí fúnra rẹ̀ dá, tí wọ́n ti kọ fún ọmọ gbogbo ayé:

*Àlejò kan dé, kò kanlẹ̀kùn,*
*Kò wọ bàtà, kò dé fìlà,*
*Ẹ sún fún un, ẹ jẹ́ ó jókòó,*
*Ọmú ló bèèrè, kò bèèrè omi.*

"Gbè é," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí. "Àbí o ti gbàgbé orin ara rẹ?"

Ìyá Kàdí la ẹnu láti gbè é. *Àlejò kan dé* jáde. Èyí tó kù kò jáde. Ohùn rẹ̀ yí padà lọ́nà ọ̀fun, ó di nǹkan mìíràn, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Ó fẹ́ fi ọwọ́ nù ún, ó tún ń dà. Ó rántí èèwọ̀, pé ẹni tó wá kò gbọdọ̀ ṣáájú. Ó ti ṣáájú. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà, igbe tí kò jáde lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Bàbá Kàdí kọjá lójú rẹ̀ ń jáde nísinsìnyí, láàárín ìdáná, lójúmọmọ.

Rẹ̀mílẹ́kún dákẹ́ orin. Ó jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, ó fà á mọ́ra.

"Bàbá Kàdí ni," ó wí. Kì í ṣe ìbéèrè. "Kò dúró rí ọmọ ọmọ rẹ̀."

Ìyá Kàdí kò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, nítorí bẹ́ẹ̀ ni. Òun náà ni. Òun àti Ṣùkúrù ni wọ́n jọ wà nínú ẹkún náà.

"Sunkún," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí, ó ń fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn, sókè, sísàlẹ̀, bí a ṣe ń pa ọmọ tó mu ọmú yó. "Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń retí ẹkún yìí. Mo máa ń sọ fún Ṣùkúrù pé ó wà lára rẹ, pé lọ́jọ́ kan á jáde. Ó ní àpáta kì í sunkún. Mo ní má dá wọn lóhùn, mo mọ̀ ọ́n. Tí mo bá débẹ̀ lónìí, màá sọ fún un pé mo jẹ ẹ́ ní tẹ́tẹ́."

Ìyá Kàdí di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnì kan ti fọwọ́ kan ẹ̀yìn òun kẹ́yìn. Ó jókòó nínú ìfọwọ́kàn náà díẹ̀, bí ẹni tó bọ́ sí ibi tí oòrùn dé lẹ́yìn òjò, ó ń gba gbogbo rẹ̀. Ó mọ̀ pé òun kò lè pẹ́ níbẹ̀. Òjìji ògiri ti kúrò lára garawa, ó ti ń sún bọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ọkọ̀ ojú omi ń dúró.

"Rẹ̀mí."

"Hùn."

"Kúlà yẹn."

"Ṣé o fẹ́ mu nínú rẹ̀ ni? Ó pọ̀, ó máa tó ẹ̀yin méjèèjì."

"Má gbé e lọ mọ́," ni Ìyá Kàdí wí, omijé kò sì dá lójú rẹ̀. "Agboyi la jọ ń lọ."

Ọwọ́ tó ń pa á lẹ́yìn dúró. Kò kúrò níbẹ̀.